Ará Orí Òkè ní Èbúté Àgbádárìgì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí ṣẹ mọ́ mi lára ní ọjọ́ tí mo gbéra láti Ìkàrẹ́-Àkókó, tí mo gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ àti Oǹdó bọ́ sí Èkó, tí mo sì forí lé Àgbádárìgì, ìlú èbúté àtijọ́ tí ó wà nítòsí ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin.

Ọmọ orí òkè ni mí. Àpáta ni à ń rí ní ọ̀dọ̀ tiwa bí a bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Orí àwọn òkè wọ̀nyí, ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, ni àwọn baba ńlá wa sá gùn nígbà tí ogun Nupe ń kó ilẹ̀ Àkókó. Ọwọ́ ogun náà kò kúrò lọ́rùn wa tán títí di ìgbà tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà ní 1897. Nínú ẹbí wa, àwọn àgbà kì í pìtàn ìdílé tán láìmẹ́nu ba ọmọbìnrin kan tí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi, tí a kò sì rí i mọ́. A kò rí òkú rẹ̀ sin. Ọ̀nà Bídà ni wọ́n sábà ń kó ẹrú Àkókó gbà, nítorí náà n kò sọ pé Àgbádárìgì ni ó gbà kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ibojì tí a lè lọ, mo ní kí n lọ sí etí omi tí gbogbo ayé mọ̀ pé a ti kó ọmọ ọlọ́mọ lọ.

Kí onílé kí o tó wọ̀lú

Ní ilẹ̀ Àkókó, àlejò kì í gun òkè tàbí kí ó dé ibi ojúbọ láìkọ́kọ́ kí onílé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe. Mo bẹ bàbá kan tí ó jẹ́ ọmọ ìlú pé kí wọ́n mú mi káàkiri, àwọn ni wọ́n sì là mí lójú. Wọ́n jẹ́ kí n mọ̀ pé Akran ni oyè ọba ìlú náà, pé àdúgbò mẹ́jọ ni ìlú pín sí, àti pé àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni ó ní olóyè tirẹ̀. Èdè Ẹ̀gùn ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn; Yorùbá ni wọ́n fi ń dá irú wa lóhùn. Èyí kò ṣàjèjì sí mi rárá. Ẹni tí ó bá ti Ìkàrẹ́ dé Àrìgìdì, tí kò jìnnà, yóò gbọ́ èdè mìíràn lẹ́nu onílé, síbẹ̀ Yorùbá ni gbogbo wa fi ń ná ọjà.

Bàbá tún kìlọ̀ fún mi nípa Zangbeto, eégún àwọn Ẹ̀gùn, tí koríko gbígbẹ bò láti orí dé ilẹ̀, tí ó sì ń ṣọ́ ìlú lóru. Wọ́n ní bí mo bá pàdé rẹ̀, kí n yà fún un, kí n má sì ya àwòrán rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún eégún ilé rẹ̀, kò yẹ kí ó ṣòro fún un láti bọ̀wọ̀ fún ti ẹlòmíràn.

Omi iwájú kì í ṣe òkun

Nígbà tí a dé èbúté, mo lanu, mo ní, "Bàbá, òkun yìí mà tẹ́jú o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọ̀sà nìyí, ọmọ mi. Òkun wà lẹ́yìn ilẹ̀ tí ò ń wò lọ́ọ̀kán yẹn."

Ibẹ̀ ni mo ti lóye iṣẹ́ èbúté náà. Ìgbì òkun kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá súnmọ́ etí ilẹ̀. Ọkọ̀ á dúró sójú agbami. A ó fi ọkọ̀ ojú omi kéékèèké la ọ̀sà kọjá, a ó fẹsẹ̀ rin yanrìn, kí a tó tún wọ ọkọ̀ mìíràn tí yóò la ìgbì náà já. Aṣọ, ìbọn, ọtí àti owó ẹyọ ń wọlé. Ènìyàn ń jáde. Nígbà tí òwò ẹrú wá sílẹ̀, epo pupa gba ipò rẹ̀. Ní 1863, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìlú náà mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso láti Èkó.

Ilẹ̀kùn kan náà ni ìwé gbà wọlé. Abẹ́ igi Agia ni wọ́n ti wàásù ẹ̀sìn Kírísítì ní 1842, nígbà tí Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend dé. Igi náà wó ní 1959, ọwọ̀n ìrántí ni ó dúró síbẹ̀ báyìí. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní 1843. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ní a kọ́ parí ní 1845, ṣì kọjú sí ọ̀sà. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, dé ìlú yìí ní oṣù kìn-ín-ní 1845. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí nígbà náà, ó sì ní láti dúró ju ọdún kan lọ. Kò jókòó lásán. Ó ń bá iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá lọ. Ní oṣù kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ilé Ṣéríkí

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí a tà nìkan ni ó yẹ kí a wò. Bàbá mú mi lọ sí agbo ilé Ṣéríkí Williams Abass, tí ó kú ní 1919. Ìjòga-Òrílé ni a bí i sí. Wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, ó dé Bràsíl, ó sì padà wá. Ìtàn ìlú sọ pé òun pẹ̀lú wá di olówò ẹrú, pé yàrá 40 ni ó wà nínú ọgbà náà, níbi tí wọ́n ń kó ènìyàn há. Mo yọjú wo yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ díẹ̀ lọ. Ní agbo ilé Mobee, wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ hàn mí. Mo fọwọ́ gbé e wò, ó wúwo.

Ó dun mí, ẹ̀yin àgbà. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni wọ́n ń tà, àwa dúdú sì wà nínú àwọn tí ń tà. Ẹni tí a ti dè rí tún di ẹni tí ń de ẹlòmíràn. Mo yin àwọn ará Àgbádárìgì pé wọn kò bo èyí mọ́lẹ̀ fún àlejò.

Ta ni ẹ wá kí?

Nígbẹ̀yìn, a wọ ọkọ̀ kọjá sí Gberefu. Ìyá kan tí ń ta àgbọn wà nínú ọkọ̀ náà. Ó bi mí léèrè ibi tí mo ti wá, mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ta ni ẹ wá kí?"

N kò lè fèsì. Mo ti rò pé ìran ni mo wá wò.

A rin yanrìn náà, a kọjá ibi kànga tí ìtàn sọ pé wọ́n ń fún ẹrú mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. A sì dé ibi tí wọ́n ń pè ní Ibi Àìpadà. Òkun ń hó. Mo bọ́ bàtà mi, mo dárúkọ ọmọ ilé wa, mo sì kí i bí a ti ń kí ará àjò: "O kú àjò o."

Bí a ti ń padà, mo rí ìyá alágbọn ní èbúté. Mo ní, "Ìyá, ará ilé wa ni mo wá kí." Ó ní, "Ó dáa. Ẹ ti kí i."

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kó ọmọ lọ sí irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n bi àwọn òbí wọn ní ilé pé: ta ni kò padà wá nínú ìdílé wa? Ẹ̀yin àgbà, ẹ má fi orúkọ náà pamọ́ fún wọn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì jọ dúró ní etí omi náà.