Bí A Ṣe Lè Mọ Ààrò Onígi sí Ilé tí Kò Ní Ọ̀nà Èéfín

Ẹni tí ó bá gba agbo ilé kan kọjá ní Òjé ní ìdájí, nígbà tí àwọn ìyá bá ń dáná oúnjẹ òwúrọ̀, yóò rí i bí èéfín ti ń yọ lábẹ́ páànù, tí ó ń gba ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà jáde bákan náà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé alámọ̀ àtijọ́, a kò la ọ̀nà kan sílẹ̀ fún èéfín. Ní ayé àwọn baba wa, koríko ni òrùlé. Èéfín a máa rá gba àárín koríko náà jáde díẹ̀díẹ̀, a sì máa lé kòkòrò kúrò lára igi àjà. Nígbà tí páànù dé, ọ̀nà yẹn dí, ṣùgbọ́n ààrò kò yí padà. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ń se ọbẹ̀ náà ni ó ń da èéfín sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti omijé ojú nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, ènìyàn bí mílíọ̀nù 3.2 ni èéfín inú ilé ṣe ikú pa káàkiri ayé, àwọn ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún 5 sì ju 237,000 lọ nínú wọn. Ìyá tí ń dáná àti ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn ni wọ́n ń fa èyí tí ó pọ̀ jù símú.

Ní orílẹ̀-èdè Guatemala, láti ọdún 2002 sí 2004, àwọn onímọ̀ fún ìdajì àwọn ilé kan ní ààrò tí ó ní páìpù èéfín. Wọ́n fi ìdajì yòókù sílẹ̀ pẹ̀lú ààrò àtijọ́ títí ìwádìí náà fi parí. Gáàsì olóró tí ń wọ ara àwọn ọmọ ọwọ́ dín kù ní ìdajì, òtútù àyà tí ó le koko sì dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Síbẹ̀, òtútù àyà lápapọ̀ kò dín kù tó bí wọ́n ti retí. Ìdí rẹ̀ ni pé páìpù kì í pa èéfín. Gbígbé ni ó ń gbé e kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn. Kí àwa tí a ń gbé ní Òjé, níbi tí ògiri ń kan ògiri, fi èyí sọ́kàn.

Ẹ mọ ààrò náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ó kọjú sí ìta. Amọ̀ ògán dára púpọ̀ fún un, bí a bá pò ó mọ́ yanrìn àti koríko gígé. Ẹnu kan ṣoṣo, tí kò fẹ̀, ni kí ẹ dá sí i fún igi. Kí ihò tí ìkòkò yóò jókòó sí ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ìdí ìkòkò náà, nítorí níbi tí àyè bá ṣẹ́ kù ni èéfín yóò gbà jáde. Bí ihò bá jẹ́ méjì, kí iná kọjá lábẹ́ ìkòkò kìíní dé abẹ́ èkejì, kí ó tó bọ́ sínú páìpù. Ẹ jẹ́ kí amọ̀ náà gbẹ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3.

Páìpù irin tí ó fẹ̀ tó ínṣì 4 ni ó yẹ. Ẹ má ṣe lo páìpù rọ́bà tí a fi ń fa omi. Yíyọ́ ni yóò yọ́. Kí ó dúró ṣánṣán, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, òkè ni ó sì ń lọ. Bí páìpù bá ti ga tó ni yóò fa èéfín tó. Àwọn kan a máa ti páìpù gba inú ògiri jáde, wọn a sì gé e síbẹ̀. Èyí kò dára rárá: atẹ́gùn yóò dá èéfín padà sínú ilé, èyí tí kò bá padà yóò wọ fèrèsé aládùúgbò, tàbí kí ó ba aṣọ òkè tí ó kó jọ de ọjà Òjé jẹ́. Kí páìpù fi ẹsẹ̀ bàtà 3 ga ju ibi tí ó ti yọ lórí páànù, kí ó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 2 ga ju òrùlé èyíkéyìí tí kò jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ. Ẹ dé e ní fìlà páànù nítorí òjò, ṣùgbọ́n kí àlàfo wà lábẹ́ fìlà náà.

Igi àjà ni ẹ̀rù ń bà wá jù fún. Páìpù tí ó gbóná lè mú kí igi gbiná láìfara kàn án. Kí àyè ínṣì 18 wà láàrin páìpù àti igi yòówù. Bí káfíńtà bá ní kò sí àyè, kí ó sún igi náà.

Ẹ má sì tìtorí páìpù di fèrèsé. Ẹyin iná tí kò rú èéfín mọ́ ṣì ń tú gáàsì carbon monoxide jáde, èyí tí kò ní àwọ̀ tàbí òórùn, tí ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú oorun. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ yàrá nítorí òtútù ọyẹ́.

Igi gbígbẹ ni kí ẹ máa dá, nítorí igi tútù ni ó ń tètè fi dúdú dí páìpù, dúdú náà sì lè gbiná. Lóṣooṣù, nígbà tí ààrò bá tutù, ẹ so àkísà mọ́ orí ọ̀pá gígùn, kí ẹ fi gbá inú páìpù. Bí èéfín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà gba ẹnu ààrò jáde kí oṣù tó pé, páìpù ti dí nìyẹn; ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì gbá a kí ẹ tó tún gbé ìkòkò kaná.