Ẹ̀jẹ̀ Ara Ẹni fún Iṣan Èjìká

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àwa tí à ń ju ọ̀kọ̀ ní pápá ìṣeré nílùú Benin yìí mọ bí èjìká ṣe ń dunni. Iṣan mẹ́rin ló di orí eegun apá mú. Bí ọ̀kan bá ya, oníṣẹ́ abẹ lè rán an padà mọ́ eegun. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, nítorí náà ó máa ń pẹ́ kó tó jinná, òmíràn sì tún máa ń ya.

Ìdí nìyí tí àwọn dókítà kan fi ń fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn (kì í ṣe ti ẹlòmíràn o!), tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yí i bíríbírí títí ẹ̀jẹ̀ pupa yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Omi ẹ̀jẹ̀ tí plátílẹ́ẹ̀tì pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sí ojú ibi tí wọ́n rán. Plátílẹ́ẹ̀tì ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́. Ó tún ń tú èròjà tí ń pe sẹ́ẹ̀lì wá tún ara ṣe.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Nínú ìwádìí Kòríà Gúúsù ti 2013, lára àwọn tí iṣan wọn ya gan-an, ìdá 20 nínú 100 ló tún ya. Láìsí i, ó lé ní 55. Ṣùgbọ́n ní Ítálì, ní 2011, ìwádìí lórí ènìyàn 88 tí tiwọn kò ya púpọ̀ kò rí ìyàtọ̀ gidi kankan. Lójú tiwa, kì í ṣe gbogboǹṣe. Kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ kí a bi dókítà: báwo ni iṣan náà ṣe ya tó? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni apá yóò wà lórí ìgbékọ́?