Ère Kékeré fún Ìrántí Akọni Òfurufú

Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà ṣe ìrántí akọni pọ̀ jọjọ. Àwọn kan a máa gbé ère sí gbangba ìlú. Àwọn mìíràn a máa fi orúkọ akọni náà sọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí òpópónà. Ọ̀nà kan tún wà tí ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù: èyíinì ni kí a fi ike ṣe ère kékeré ọkọ̀ òfurufú tí akọni náà fi jagun. Ẹni tí ó bá rí irú ère bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì lè rò pé ohun ìṣeré ọmọdé lásán ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé iṣẹ́ sùúrù ni, àti pé òtítọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti Daniel James ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Chappie. Ìlú Pensacola, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ni a bí i sí ní ọdún 1920. Nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́, ìjọba kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn dúdú bá àwọn òyìnbó kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ ogun òfurufú pọ̀. Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ni a ti ń kọ́ wọn lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni James sì ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ìgbà 101 ni ó fò lọ sójú ogun ní Korea, ó sì fò lọ ní ìgbà 78 ní Vietnam. Ní ọdún 1975 ó di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé ipò ọ̀gágun oníràwọ̀ mẹ́rin ní Amẹ́ríkà. Ó kú ní ọdún 1978.

Ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì tí James fi jagun ní Vietnam ni F-4C, tí a ń pè ní Phantom. Ẹni tí yóò ṣe ère rẹ̀ a kọ́kọ́ ra páálí tí àwọn ègé ike wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n kan tí ó wọ́pọ̀ ni ìdá kan nínú 48. Ní ìwọ̀n yìí, ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 18 a di ohun tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 37. Àṣìṣe mìlímítà kan péré lára ère náà dúró fún nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lára ọkọ̀ gidi.

Ṣùgbọ́n Phantom kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. F-4B ni ti àwọn ọmọ ogun ojú omi. F-4C ni ti àwọn ọmọ ogun òfurufú, ó sì kọ́kọ́ fò ní ọdún 1963. F-4E, tí ó dé lẹ́yìn wọn, ní ìbọn nínú imú rẹ̀. F-4C kò ní irú rẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ F-4B ni ó wà nínú páálí, oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Táyà F-4C nípọn ju ti F-4B lọ, òkè apá rẹ̀ sì wú díẹ̀ kí táyà náà lè rí ibi wọ̀ sí. F-4B ní ọ̀pá kan tí ó ń yọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tí ó fi ń gba epo lára ọkọ̀ mìíràn lójú òfurufú. Ṣùgbọ́n ihò kan ní òkè ẹ̀yìn rẹ̀ ni F-4C fi ń gba tirẹ̀.

Oníṣẹ́ a fi abẹ kékeré gé ibi tí kò yẹ, a fi ike pẹlẹbẹ kọ́ ibi tí ó yẹ kí ó wú, a sì fi pọ́tì dí àlàfo tí ó bá kù. Nígbà tí ó bá gbẹ, a fi sáńpépà ha á títí ojú ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ yóò fi parẹ́. Bí ó bá kánjú, sáńpépà yóò pa àwọn ìlà tín-ín-rín ara ọkọ̀ náà rẹ́. Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà kàn. Àwọ̀ ewé oríṣi méjì àti àwọ̀ ilẹ̀ ni a fi kun òkè àwọn ọkọ̀ tí wọ́n lò ní Vietnam, kí ẹni tí ó wà lókè má baà tètè rí wọn lórí igbó. Àwọ̀ eérú fífẹ́ẹ́rẹ́ ni abẹ́ wọn. Àwọn nọ́ńbà àti àmì wà lórí bébà kan. A ó rì wọ́n sínú omi títí wọn yóò fi yọ̀ kúrò lára bébà náà, a ó sì rọra tẹ́ wọn sára ike.

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kan pàtó ni a fẹ́ rántí, a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọkọ̀ náà gbé lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967, àwọn F-4C tí ó gbéra láti Ubon ní ilẹ̀ Thailand lọ tan àwọn awakọ̀ MiG-21 ti Àríwá Vietnam jẹ. Robin Olds ni olórí wọn, James sì kó ọ̀wọ́ kan lẹ́yìn. Wọ́n gba ọ̀nà tí àwọn F-105, ọkọ̀ tí ń ju àdó olóró, máa ń gbà. Wọ́n sì so ẹ̀rọ tí ń da rédà lójú rú mọ́ abẹ́ apá wọn, irú èyí tí àwọn F-105 ń gbé. Àwọn ará Amẹ́ríkà sọ pé àwọn já MiG-21 méje lulẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ère ọjọ́ náà tí kò bá ní ẹ̀rọ yìí ti gbàgbé ọgbọ́n tí a fi ṣẹ́gun.

Òótọ́ ni pé ohun ìjà ni ọkọ̀ yìí, àwọn ènìyàn sì kú nípa rẹ̀. Ẹwà ọ̀dà kò gbọdọ̀ mú wa gbàgbé èyí. Síbẹ̀, ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó burú bí táyà ère bá tín-ín-rín jù. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìgbà kan wà tí wọ́n ya James àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ara wọn, bí ẹni pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹnìkan wọn àti èkejì. Ẹni tí ó bá wádìí irú ọkọ̀ tí James fi jagun gan-an, tí ó sì tún un ṣe títí ó fi bá òtítọ́ mu, ti fi hàn pé òun mọ irú ènìyàn tí òun ń bu ọlá fún. Ìrántí tí a kò wádìí kò yàtọ̀ sí ìgbàgbé.