Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọ̀nà Pamir lẹ́bàá Afghanístánì

Arìnrìn-àjò tó bá gba ọ̀nà Pamir ní Tajikístánì yóò máa bá odò Panj rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò tí í ṣe ààlà ilẹ̀ náà pẹ̀lú Afghanístánì, yóò sì máa rí abúlé àti oko àlìkámà lódìkejì, ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé ìròyìn ogun nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Àdéhùn ọdún 1873 àti 1895 láàárín ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà ló sọ odò yìí di ààlà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà Wakhi àti ẹ̀yà Shughni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní èdè àti ẹbí tirẹ̀, ń gbé ní bèbè méjèèjì. Ìyapa yìí bani nínú jẹ́ gidigidi. Afárá tí wọ́n ṣí lórí odò náà ní ìlú Khorog ní Tajikístánì lọ́dún 2002 tún so wọ́n pọ̀ díẹ̀.