Jíjìn, Híhá àti Èrò: Àlàyé lórí Ìlọ́ra Ètò Àjùmọ̀lò ní Ọ́fíìsì

1. Ìfáàrà

Orúkọ tí ó tún jẹ́ oríkì ni ẹ̀rọ ayárabíàṣá tí àwọn Yorùbá ń pe kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá sọ nǹkan ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò retí kí ó lọ́ra. Síbẹ̀, ní ọ́fíìsì tí òṣìṣẹ́ púpọ̀ ti ń lo ètò kan náà pa pọ̀, igbe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé "ó ń falẹ̀". Akọ̀wé owó yóò tẹ bọ́tìnì kí ìwé oníbàárà kan lè ṣí. Yóò wo ojú ẹ̀rọ títí, ìwé náà kò ní yọ. Bí ó bá jẹ́ ìparí oṣù ni èyí ṣẹlẹ̀, owó-oṣù gbogbo ilé-iṣẹ́ ni ó há síbẹ̀.

Ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀lé e ni kí ọ̀gá pàṣẹ pé kí wọ́n ra okùn tuntun tàbí ẹ̀rọ tí ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn a rà á, owó a lọ, àrùn kò ní lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "falẹ̀", ni gbogbo ènìyàn fi ń pe àrùn mẹ́ta tí oògùn wọn yàtọ̀ síra. Bí olùtumọ̀ bá sì fi "ìyára" kan náà túmọ̀ ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bandwidth àti èyí tí wọ́n ń pè ní latency, ó ti ran àṣìṣe náà lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni èdè Yorùbá kò ṣàìní ìyàtọ̀ náà. Arìnrìn-àjò tí ó pẹ́ kí ó tó dé kì í kàn sọ pé òun falẹ̀. Yóò sọ pé ọ̀nà jìn, tàbí pé ọ̀nà há, tàbí pé èrò pọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni àlàyé yìí dúró.

2. Ẹ̀rọ onílé àti ẹ̀rọ ayálégbé

Kí ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó yé òǹkàwé, ó yẹ kí ó mọ ilé tí ọ̀nà náà wọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì òde òní, ètò àjùmọ̀lò kì í gbé inú kọ̀ǹpútà tí ó dá dúró. Ẹ̀rọ ńlá kan ni ó wà, ètò alábòójútó kan sì wà nínú rẹ̀ tí ó ń pín agbára ẹ̀rọ náà sí ọ̀nà púpọ̀, tí ìpín kọ̀ọ̀kan fi ń hùwà bí ẹni pé òun nìkan ni kọ̀ǹpútà. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1972 ni ilé-iṣẹ́ IBM kéde ètò VM/370, tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè lo ẹ̀rọ ńlá kan bí ẹni pé olúkúlùkù ní tirẹ̀. Ní ọdún 1999 ni ilé-iṣẹ́ VMware gbé irú rẹ̀ jáde fún àwọn kọ̀ǹpútà kékeré.

Orúkọ wo ni ó yẹ ìpín kọ̀ọ̀kan, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní virtual machine? "Ẹ̀rọ àìrídìmú" lè kọ́kọ́ wá sí ọkàn, ṣùgbọ́n "àìrídìmú" ti di orúkọ fún gbogbo ètò inú kọ̀ǹpútà. Yóò da ọ̀rọ̀ rú. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì a tún máa pe ìpín náà ní àlejò, wọn a sì pe ẹ̀rọ ńlá ní olùgbàlejò. Àfiwé yìí kò bá ìwà Yorùbá mu. Àlejò ni wọ́n ń fi ibi tí ó dára jù lọ fún. Àlejò kì í bá ẹnikẹ́ni du omi. "Ẹ̀rọ ayálégbé" ni ó ṣe rẹ́gí, kí ẹ̀rọ ńlá sì jẹ́ "ẹ̀rọ onílé". Ayálégbé ní yàrá tirẹ̀, ó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kànga kan ni gbogbo ilé ń fà. Bí ará yàrá kejì bá ń fọṣọ, omi tirẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó kan an. Orúkọ náà gbé ìtumọ̀ dání, ó sì gbé ìkìlọ̀ dání.

3. Ọ̀nà tí ó jìn

Jíjìn ni àkókò tí ìbéèrè fi ń lọ láti orí tábìlì òṣìṣẹ́ dé ibi tí ẹ̀rọ wà, tí ìdáhùn sì fi ń padà bọ̀. Orúkọ tí ó bá a mu ni "àlọ-àbọ̀". Bí wọ́n bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, ìpín kan nínú rẹ̀ ni ìdá-ẹgbẹ̀rún, òun sì ni òṣùwọ̀n àlọ-àbọ̀. Nínú ilé kan náà, àlọ-àbọ̀ kì í sábà tó ìdá-ẹgbẹ̀rún 1. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gba inú okùn onígíláàsì kò lè sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 200,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bíi kìlómítà 5,000. Nítorí náà, àlọ-àbọ̀ láàárín ìlú méjèèjì kò lè dín ní nǹkan bíi ìdá-ẹgbẹ̀rún 50, bí ó ti wù kí okùn náà tóbi tó.

Àlọ-àbọ̀ kan kò ni ẹnikẹ́ni lára. Èyí tí ó pọ̀ ni ìṣòro. Ìyá tí ó fẹ́ se ọbẹ̀ lè rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ọjà kí ó ra ata kan wá. Bí ọmọ bá dé, kí ó tún rán an kí ó lọ ra àlùbọ́sà kan. Bí ó bá tún dé, kí ó rán an ní iyọ̀. Ọbẹ̀ náà kò ní jinná lọ́jọ́ náà. Bí ìjọba bá sì fẹ ọ̀nà ọjà náà títí tí ọkọ̀ mẹ́wàá fi lè gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọmọ náà kò ní tìtorí rẹ̀ tètè dé, nítorí kì í ṣe híhá ọ̀nà ni ó ń dá a dúró.

Bí ìyá yìí ni ètò ìṣirò owó tí ó bá ń ka fáìlì kan lórí ẹ̀rọ mìíràn díẹ̀díẹ̀ ti ń ṣe. Bí ṣíṣí ìwé oníbàárà kan bá gba àlọ-àbọ̀ 2,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ààbọ̀ ìdá-ẹgbẹ̀rún, ìṣẹ́jú-àáyá 1 ni ìwé náà yóò fi ṣí. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ìlú mìíràn tí àlọ-àbọ̀ ibẹ̀ jẹ́ ìdá-ẹgbẹ̀rún 20, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni yóò gbà. Ètò kan náà ni, fáìlì kan náà ni; jíjìn nìkan ni ó yí padà. Oògùn rẹ̀ ni kí ètò àti fáìlì máa gbé ojú kan, kí ó jẹ́ àwòrán ojú ẹ̀rọ nìkan ni yóò máa rìnrìn-àjò lọ bá òṣìṣẹ́. Tàbí kí wọ́n lo ètò tí ó lè béèrè gbogbo ohun tí ó fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìyá tí ó to gbogbo èlò ọbẹ̀ sínú ìwé kan kí ó tó rán ọmọ.

4. Ọ̀nà tí ó há

Híhá ni ti ìwọ̀n ẹrù tí ọ̀nà lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. "Ìbú-ọ̀nà" ni ó yẹ kí ó dúró fún bandwidth, nítorí pé ìbú kì í ṣe eré. Fáìlì tí ó jẹ́ mẹ́gábáìtì 100 yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 8, ó kéré tán, lórí okùn tí ó ń gbé mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí pé bíìtì 8 ni ó wà nínú báìtì 1. Bí okùn náà bá di ti mẹ́gábíìtì 1,000, kò ní gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Níhìn-ín nìkan ni okùn tuntun ti jẹ́ oògùn.

Àmì àrùn yìí ṣe kedere: ohun ńlá a máa pẹ́, ohun kékeré a máa yára. Bí ìwé kékeré bá ń pẹ́ bí ìwé ńlá, kì í ṣe híhá. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀nà fẹ̀ lójú ìwé, ó sì há ní tòótọ́. Okùn tí ó ti fọ́ ní ibì kan lè mú kí ẹ̀rọ méjì tí ó yẹ kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní mẹ́gábíìtì 1,000 fi ẹnu kò sí 100, láìsí ẹni tí ó mọ̀.

5. Èrò tí ó pọ̀

Èrò ni ti ìtòdúró. Agner Krarup Erlang, ará Dẹ́ńmáàkì tí ó bá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen ṣiṣẹ́, ni ó fi ẹ̀kọ́ yìí lélẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1909. Nínú ìtòdúró tí ó rọrùn jù lọ, tí àwọn oníbàárà ń dé láìní àkókò kan pàtó tí olùtajà kan sì ń dá wọn lóhùn, bí ọwọ́ olùtajà bá dí dé ìdajì, àkókò tí oníbàárà yóò lò níbẹ̀ yóò di ìlọ́po 2 ti ìgbà tí kò sí èrò. Bí ó bá dí dé ìdá 90 nínú 100, yóò di ìlọ́po 10. Bí ó bá dé 95, ìlọ́po 20. Láti 90 dé 95 kò ju ìdá 5 lọ, ṣùgbọ́n ó ti sọ ìdúró di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí ọ́fíìsì tí ara rẹ̀ le lánàá fi lè dákú lónìí nítorí òṣìṣẹ́ méjì péré tí wọ́n gbà kún un.

Nínú ilé ayálégbé, dísíìkì ni kànga tí wọ́n máa ń jà sí jù lọ. Dísíìkì tí ó ń yí po nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan ń lo nǹkan bíi ìdá-ẹgbẹ̀rún 8 láti yí po lẹ́ẹ̀kan. Bí àkókò tí abẹ́rẹ́ akàwé rẹ̀ fi ń sún bá kún un, ó ṣòro kí ó dáhùn ju nǹkan bíi ìbéèrè 100 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bí àwọn ìbéèrè náà bá fọ́nká. Bí ayálégbé 5 bá ń fà á, 20 ni yóò kan olúkúlùkù. Dísíìkì tí kì í yí po ń dáhùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Pípààrọ̀ rẹ̀ a sì máa wo ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì sàn.

Ìtòdúró tún wà níwájú ọpọlọ ẹ̀rọ. Èyí ṣòro láti rí, nítorí pé ayálégbé lè má mọ̀ pé òun wà lórí ìlà. Òǹkà inú yàrá rẹ̀ lè fi hàn pé ọwọ́ ọpọlọ kò dí, nígbà tí ó jẹ́ pé alábòójútó kò tíì fún un ní àyè. Ọ̀dọ̀ onílé ni òǹkà tòótọ́ wà. Bí wọ́n bá sì fi ọpọlọ kún ti ayálégbé náà láìwádìí, ó lè burú sí i, nítorí pé alábòójútó yóò ní àyè púpọ̀ sí i láti wá fún un.

Irú kẹta ni èyí tí ó ń ya àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu jù: ètò yára nígbà tí ẹnì kan ń lò ó, ó lọ́ra ní kété tí ẹnì kejì wọlé. Nínú ètò Windows, bí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣí fáìlì àjùmọ̀lò, ẹ̀rọ olùpín lè fún un láṣẹ kí ó ní ẹ̀dà àfipamọ́ lọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí ó má baà máa lọ kí ó máa bọ̀. Bí ẹnì kejì bá ṣí fáìlì náà tí ó sì fẹ́ kọ nǹkan sínú rẹ̀, a gba àṣẹ náà padà, nítorí pé bí olúkúlùkù bá ń kọ sínú ẹ̀dà tirẹ̀, àkọsílẹ̀ yóò bàjẹ́. Láti ìgbà náà, gbogbo kíkà di àlọ-àbọ̀. Ẹnì kejì náà kò ba nǹkan jẹ́. Wíwọlé rẹ̀ ni ó fi jíjìn tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ hàn.

6. Ìlànà ìwádìí

Bí àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí bá ti yàtọ̀ lẹ́nu, ìwádìí kò ní ṣòro. Ìbéèrè kìn-ín-ní ni pé ta ni ó ń ṣe. Àwọn àgbà sọ pé ohun tí ó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ gbogbo ọlọ́ya, inú ilé tàbí ọ̀nà àpapọ̀ ni kí wọ́n wò. Bí ó bá jẹ́ Abọ́yadé nìkan, kí wọ́n yẹ okùn àti kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wò.

Ìbéèrè kejì ni ìgbà wo. Bí ó bá ní wákàtí tirẹ̀, kí wọ́n wo iṣẹ́ tí ń lọ ní wákàtí náà: bóyá yàrá kan ń ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì rẹ̀, tàbí ètò tí ó ń wá kòkòrò inú kọ̀ǹpútà ń yẹ dísíìkì wò.

Ẹ̀kẹta ni ó lágbára jù: kí wọ́n ṣí ètò náà lórí ẹ̀rọ ayálégbé gan-an, níbi tí fáìlì wà. Bí ó bá yára níbẹ̀, ọ̀nà ni ó ń ṣàìsàn. Bí ó bá lọ́ra níbẹ̀ pẹ̀lú, ilé ni. Ẹ̀kẹrin ni kí ẹnì kan ṣoṣo lò ó, kí ẹnì kejì sì wá wọlé, kí wọ́n fi aago wọn ìyàtọ̀ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá sílẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá lo oògùn mẹ́ta pọ̀ tí ara rẹ̀ yá kò mọ èyí tí yóò rà nígbà mìíràn.

7. Ìkádìí

Àwọn ọ̀rọ̀ tí àlàyé yìí gbé kalẹ̀ fún olùkọ́ àti olùtumọ̀ ni wọ̀nyí:

Ẹ̀rọ onílé: kọ̀ǹpútà ńlá tí a pín agbára rẹ̀.
Ẹ̀rọ ayálégbé: ìpín kọ̀ọ̀kan tí ó ń hùwà bí kọ̀ǹpútà odindi.
Àlọ-àbọ̀: àkókò láti ìbéèrè dé ìdáhùn lórí ọ̀nà.
Ìbú-ọ̀nà: ìwọ̀n ẹrù tí ọ̀nà lè gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.
Ìtòdúró: dídúró de ẹ̀rọ tí ọwọ́ rẹ̀ dí.
Ẹ̀dà àfipamọ́: àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ òṣìṣẹ́ ń tọ́jú sọ́dọ̀ kí ó má baà máa lọ máa bọ̀.

Kò sí èyí tí ó ṣòro fún ọmọ ilé-ìwé láti lóye nínú wọn, nítorí pé ilé, ọjà àti ọ̀nà ni wọ́n ti wá. Ọ̀rọ̀ "ìyára" kò gbọ́dọ̀ dúró fún èyíkéyìí nínú wọn. Ìyára ni ohun tí òṣìṣẹ́ ń rí nígbà tí ọ̀nà kò jìn, tí kò há, tí èrò kò sì pọ̀. Bí ó bá sọnù, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, kí owó tó jáde.