ÀWO ORIN ÀTIJỌ́ DÁ ÌJÀ SÍLẸ̀ L'ADÉWỌLÉ: TA LÓ JÀRE?

Ọ̀rọ̀ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló fẹ́ da ilé Bàbá Ìbejì rú ní Adéwọlé, n'ílùú Ìlọrin. Oníṣòwò kan tó ń ra àwo àtijọ́ kiri ló ya ilé wọn. Owó tó fẹ́ san á tó tún páànù tó ń jò lórí ilé ṣe. Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n gbé e fún un kíá. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì, tó ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, fárígá, ó l'óun ò tà.

Orin àwọn BLO ló wà nínú àwo náà, "Chapter One", tí EMI gbé jáde lọ́dún 1973. Géńdé mẹ́ta ni wọ́n: Berkley Jones ló ń ta gìtá, Laolu Akins ló ń lùlù, Mike Odumosu ló wà nídìí gìtá béèsì. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn ni wọ́n kó pọ̀ di BLO. Kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní 1972, Berkley àti Laolu ti bá Ginger Baker, gbajúmọ̀ onílù ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣeré. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀: gìtá á máa ké, ìlù á máa sán bí ààrá.

Lọ́dún 1974, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Bàbá Ìbejì, ó ń kọ́ṣẹ́ rédíò títúnṣe. Oníbàárà kan gbé giramafóònù wá fún ọ̀gá rẹ̀, ó gbàgbé àwo BLO sórí ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣí i láti fi dán ẹ̀rọ wò báyìí, ara ọmọkùnrin náà bù máṣọ! Oṣù mẹ́ta ló fi ń ṣẹ́ owó oúnjẹ jọ kó tó ra tiẹ̀. Ó dá irun áfúrò sí, ó rán ṣòkòtò bọ́ńgò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbálẹ̀.

Inú bàbá rẹ̀ ò dùn sí i rárá. Dadakúàdà Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú ni bàbá fẹ́ràn ní tiwọn. "Ariwo kí lèyí? Orin ọmọ ìta!" Wọ́n ní kí wọ́n fá orí ẹ̀ kodoro. Ó gbé àwo ẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀gá ti kú, bàbá ti lọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ ti fọ́n ká. Àwo yẹn nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí pé òun náà ṣe ọmọdé rí.

Ìyá Ìbejì ò gba ìyẹn yẹ̀ wò. "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ máa ṣàlàyé yìí fún òjò náà ni?"

Bàbá Ìbejì dìde, ó gbé àwo ìyàwó ẹ̀ jáde: "Ace" ti Shina Peters, tọdún 1989. Òun ni wọ́n fi jó nígbà tí wọ́n ń sọ àwọn ìbejì lórúkọ ní 1990.

"Ìyá Ìbejì, ta ló darí orin yìí nígbà tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀?"

Laolu Akins ni. Onílù BLO gan-an!

"Ọmọ ìta tí bàbá mi bú, òun náà ló wà lẹ́yìn ijó tó o jó tí gèlè fi tú lórí ẹ!"

Ẹ̀rín pa Ìyá Ìbejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó wòkè, ó wo páànù.

Àwo náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ike sì wà nílẹ̀ tó ń gbe omi òjò. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa tà á? Ẹ kọ̀wé sí wa.