Àdá tó gùn kọ́ ló yẹ gbogbo iṣẹ́ oko

Ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni àwọn arìnrìn-àjò ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ fi ń mọ Fìdítì. Ẹ̀yin àgbẹ̀, irú àdá wo lẹ ń gbé lọ sóko?

Bí igbó bá dí, àdá gígùn ló dára, nítorí ó ń tètè ṣánko. Àmọ́ láàárín ọ̀pẹ̀ òyìnbó ẹlẹ́gùn-ún, kúkúrú ló ṣeé darí. Èyí tó gùn lè ṣèèṣì bẹ́ ọmọ tí a fẹ́ tún gbìn, tàbí kó ṣá ni lẹ́sẹ̀. Ọ̀bẹ kékeré sì tó bó ọsàn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọrùn ọwọ́ bá ń ro yín, ó ti gùn jù. Apá tó ń ro kì í darí àdá.